Iná Dáṣíbọ́ọ̀dù àti Iná Inú Ọkọ̀ Tí Kò Tàn Dáadáa: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ibi Tó Ti Bàjẹ́

Iná tó bá kú nínú ọkọ̀ kì í sábà dá kú. Bí ojú aago dáṣíbọ́ọ̀dù bá ṣókùnkùn lálẹ́, ó ṣeé ṣe kí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti kú, kí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ má sì mọ̀. Bí iná àjà ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò tàn, tí rẹ́díò sì gbàgbé gbogbo ìkànnì tí ẹ ti tò sínú rẹ̀, fíúsì kan ṣoṣo ló sábà máa ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó tú súkúrù kan, kí ẹ tó ra gílóòbù kan, kí rìwáyà (ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe) tó fi ọ̀bẹ gé wáyà yín, ẹ wo àwọn iná tó jọ kú. Owó púpọ̀ ló ń lọ sórí ohun tí kò bàjẹ́ rárá nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fara balẹ̀ wo èyí.

Toyota tọ̀kúnbọ̀ tó kún ojú títì wa ni a fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, pàápàá Corolla 2003 sí 2008 àti Camry ìgbà náà. Ọ̀nà ìwádìí náà bá Honda, Nissan àti Mazda ọjọ́ orí kan náà mu. Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, a ó sọ ọ́.

Ohun tí ẹ nílò

Tẹ́sítà oníná tó ní kílíìpù lẹ́nu wáyà rẹ̀, mítà tó ń wọn fólítì, súkúrùdíráfà onísítáà àti pẹlẹbẹ, sípánà 10, téèpù, sáńpépà tó kúnná, àti iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ra fíúsì 10 áḿpù àti 15 áḿpù mẹ́ta-mẹ́ta pa mọ́. Ike pẹlẹbẹ tó le díẹ̀ wúlò fún ṣíṣí ike dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ kò bá ní, ẹ wé téèpù mọ́ ẹnu súkúrùdíráfà pẹlẹbẹ kó má bàa fi àpá sílẹ̀.

Ẹ wọn bátìrì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ ti sinmi, máa ń wà ní nǹkan bí 12.6 fólítì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.7 sí 14.7. Bó bá wà lábẹ́ 12, iná yóò máa hùwà tí kò ní ìtumọ̀, ẹ óò sì máa lé òjìji kiri. Ẹ ṣájì bátìrì ná.

Ẹ wo àwọn iná tó jọ kú

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó ṣókùnkùn. Ẹ tan iná páákì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ yí ọkọ̀ po. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tan kọ́kọ́rọ́ sí ON láì ta ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ẹ bá rí ni yóò sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà.

Bí ojú aago bá ṣókùnkùn, tí iná ẹ̀yìn àti iná nọ́ńbà náà kú, fíúsì TAIL tàbí rílè rẹ̀ (súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀) ni. Bí ojú aago, bọ́tìnnì AC àti rẹ́díò bá jọ ṣókùnkùn ṣùgbọ́n tí iná ẹ̀yìn ń tàn, ẹ lọ síbi kọ́lọ́bọ̀ tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Àwọn ọkọ̀ kan tún ní fíúsì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n kọ PANEL tàbí ILLUM sí. Bó bá jẹ́ ojú aago nìkan ló ṣókùnkùn, tàbí apá kan lára rẹ̀, gílóòbù ẹ̀yìn àpótí aago ni. Bí iná àjà ọkọ̀ bá kú pẹ̀lú ìrántí rẹ́díò, fíúsì DOME ni. Bí iná àjà bá tàn tí a bá fi ọwọ́ tan án ṣùgbọ́n tí kò tàn tí a bá ṣílẹ̀kùn, súwíìṣì ara òpó ilẹ̀kùn ni. Bí àwọn ọwọ́ aago bá wólẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú iná ìkìlọ̀, fíúsì GAUGE tàbí METER ni ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Fíúsì

Àpótí fíúsì méjì ló wà nínú Corolla yìí. Ọ̀kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá òsì awakọ̀, nítòsí orúnkún. Èkejì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Inú ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí ni DOME wà nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi yẹ gbogbo fíúsì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wò tí wọ́n ní kò sí èyí tó jó. Orúkọ fíúsì kọ̀ọ̀kan àti iye áḿpù rẹ̀ wà lára ìdérí àpótí náà. Bí ìdérí bá ti sọnù, àwọ̀ fíúsì fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀: búráwùn fífẹ́lẹ́ jẹ́ 5, búráwùn 7.5, pupa 10, búlúù 15, yẹ́lò 20, funfun 25, àwọ̀ ewé 30. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú yín lè ti fi èyí tí kò yẹ síbẹ̀.

Má fi ojú nìkan yẹ fíúsì wò. Okùn inú rẹ̀ lè ti sán níbi tí ojú kò lè rí. Ẹ fi kílíìpù tẹ́sítà há irin tó mọ́ tàbí ẹnu négétíìfù bátìrì, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan pọ́sítíìfù láti rí i pé tẹ́sítà náà ń tàn, kí ẹ tó lọ síbi fíúsì. Orí fíúsì kọ̀ọ̀kan ní ojú irin kékeré méjì tó ṣí sílẹ̀. Ẹ kan méjèèjì. Bí tẹ́sítà bá tàn lójú méjèèjì, fíúsì dára. Bó bá tàn lójú kan péré, fíúsì ti jó. Bí kò bá tàn níbì kankan, iná kò dé ibẹ̀ rárá, wàhálà náà wà ṣáájú fíúsì. Ẹ tan iná páákì kí ẹ tó yẹ TAIL wò, kí ẹ sì tan kọ́kọ́rọ́ sí ON kí ẹ tó yẹ GAUGE wò. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ óò pe fíúsì tó dára ní òkú.

Bí fíúsì bá jó, ẹ fi iye kan náà rọ́pò rẹ̀. A gbọ́dọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí: ẹ má ṣe fi wáyà, bébà fàdákà inú páálí sìgá tàbí fíúsì 30 sí ojú 10. Fíúsì 10 wà níbẹ̀ kí wáyà tínrín tó ń kọjá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù má bàa gbóná ju bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fi wáyà dí i, tí bíríìjì (wáyà oníná tó fara kan irin ọkọ̀) bá wà níwájú, wáyà inú ọkọ̀ ló máa jó dípò fíúsì, èéfín rẹ̀ yóò sì jáde láti abẹ́ sítíárìn nígbà tí ẹ wà lórí eré.

Fíúsì TAIL tó ń jó lójoojúmọ́

Àléébù yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù, òun náà ló léwu jù, nítorí ọkọ̀ tí kò ní iná ẹ̀yìn lálẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kò yàtọ̀ sí ògiri lójú àwọn tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí fíúsì tuntun bá jó lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ tan iná páákì, wáyà kan ti bíríìjì mọ́ irin pátápátá. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò ló ń jó, wáyà kan ń fara ra irin níbì kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́ páákì àti búréèkì pọ̀ máa ń gba gílóòbù olókùn méjì, 21 wáàtì fún búréèkì, 5 wáàtì fún páákì. Ìdí rẹ̀ ní ojú kékeré méjì. Tí ẹnìkan bá fi tipátipá ti gílóòbù olókùn kan tó ní ojú kan bọ ibẹ̀, ojú kan náà yóò so wáyà páákì àti wáyà búréèkì pọ̀. Àmì rẹ̀ kò ṣeé ṣì mọ̀: ẹ pa gbogbo iná, ẹ tẹ búréèkì, dáṣíbọ́ọ̀dù yóò tàn. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má wá ibòmíràn lọ. Ẹ yọ gílóòbù ẹ̀yìn méjèèjì wò. Ẹ tún wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá ike rẹ̀ ti yọ́ tí irin méjì fi fara kan ara wọn, tàbí omi òjò ti wọ inú iná náà tí ìpẹtà àwọ̀ ewé ti kún ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wáyà iná nọ́ńbà. Ó máa ń gba ibi ìdè búùtù kọjá, ibẹ̀ sì ni à ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn nígbà gbogbo tí a bá ń ṣí búùtù. Ẹ ṣí rọ́bà tó bo wáyà náà, ẹ na wáyà kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Èyí tí awọ rẹ̀ ti là yóò fi ara hàn.

Ẹ̀kẹta, rẹ́díò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ọkọ̀. Lára wáyà rẹ́díò tí a ń rà lọ́jà, yẹ́lò ni iná tó máa ń wà nígbà gbogbo, pupa ni iná kọ́kọ́rọ́, dúdú ni gíráùndù (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí négétíìfù bátìrì, láti ara irin ọkọ̀), ọ́réńjì sì ni ti ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ́díò. Bí wọ́n bá fi ọ́réńjì sílẹ̀ ní ìhòòhò tó sì kan irin, tàbí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ dúdú, TAIL yóò máa jó. Ẹni tí fíúsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́yìn tó fi rẹ́díò tuntun sí i kò gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn kó tó wo ibí.

Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ má máa fi fíúsì ṣòfò. Ẹ mú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ní gílóòbù 21 wáàtì, kí ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn, kí ẹ sì ki ẹnu wáyà méjèèjì bọ ojú méjì tí fíúsì TAIL ti jáde. Ẹ yọ àwọn gílóòbù páákì iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti nọ́ńbà kúrò, kí ẹ wá tan iná páákì. Bí bíríìjì bá wà, gílóòbù tí ẹ so síbẹ̀ yóò tàn kárakára. Nǹkan bí 1.75 áḿpù ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò sì lè jó wáyà kankan, nítorí náà ẹ ní àyè láti wá a pẹ̀lú sùúrù. Ẹ yọ ẹnu wáyà rẹ́díò. Ṣé ó ṣì ń tàn kárakára? Ẹ yọ ti AC. Ẹ yọ ti àpótí aago. Ẹ mi wáyà búùtù. Èyí tí ẹ bá yọ tí gílóòbù náà fi kú tàbí kó ṣú gan-an, ojú ọ̀nà rẹ̀ ni bíríìjì wà. Rìwáyà tó mọṣẹ́ máa ń ṣe báyìí. Bí ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ yín bá ti jó fíúsì mẹ́rin tí kò sì so gílóòbù, ẹ ní kó dúró.

Ojú aago ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n iná ẹ̀yìn ń tàn

Ẹ wá kọ́lọ́bọ̀ tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ó lè jẹ́ èyí tí a ń fi ìka yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, tàbí ọ̀pá kékeré tó yọ jáde lójú aago. Aṣọ ìnulẹ̀ ẹni tó fọ ọkọ̀ lè yí i sílẹ̀ pátápátá. Ẹ yí i lọ, ẹ yí i bọ̀ bí ìgbà ogún. Bí iná bá ń wá tó tún ń lọ bí ẹ ṣe ń yí i, inú rẹ̀ ló ti dọ̀tí, kò ṣe kọ́ńtáàtì mọ́. Yíyí lásán máa ń fọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ra òmíràn. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, bí ẹ bá yí i dé òkè pátápátá tó dún kẹ́, iná àjà ọkọ̀ ni yóò tàn, kì yóò sì kú bí ẹ bá tilẹ̀kùn. Ẹ má yára wá àbùkù mìíràn fún èyí o, ó lè má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí kọ́lọ́bọ̀ náà bá dára, ẹ óò yọ àpótí aago.

1. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tú ẹnu négétíìfù bátìrì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan nítòsí sítíárìn. Airbag wà níbẹ̀, ó sì ń pa agbára mọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí bátìrì ti kúrò. Wáyà tí wọ́n fi ike yẹ́lò bò jẹ́ ti airbag: ẹ má tú u, ẹ má fi tẹ́sítà kàn án. Bó bá jẹ́ Honda, ẹ rí i dájú pé ẹ ní kóòdù rẹ́díò lọ́wọ́ kí ẹ tó tú bátìrì.

2. Ẹ rọ sítíárìn wálẹ̀ pátápátá. Ẹ fi ike pẹlẹbẹ ṣí férémù tó yí àpótí aago ká. Wo abẹ́ ètè rẹ̀ lókè, súkúrù méjì máa ń fara pamọ́ síbẹ̀, férémù tó bá kán, ibi súkúrù tí a kò rí ló ti máa ń kán.

3. Ẹ tú súkúrù tó di àpótí aago mú, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fa àpótí náà síta díẹ̀, kí ẹ ki ọwọ́ sẹ́yìn, kí ẹ tẹ eyín ike tó wà lórí ẹnu wáyà, kí ẹ tó fà á. Má fa wáyà fúnra rẹ̀.

4. Ẹ dojú rẹ̀ dé sórí aṣọ rírọ̀. Ẹ má ṣí ojú gíláàsì, ẹ má sì kan ọwọ́ aago. Ọwọ́ tí a bá ti yí díẹ̀ kì í sọ òótọ́ mọ́.

5. Ní ẹ̀yìn, ẹ óò rí ìdí gílóòbù bí ike róbótó-róbótó. Ẹ yí i sósì ní ìdá mẹ́rin àyíká kan, yóò jáde. Àwọn ńlá tó ń tan ojú aago sábà máa ń jẹ́ T10, 5 wáàtì, tàbí kékeré jù bẹ́ẹ̀. Àwọn kéékèèké tó ń tan àmì ìkìlọ̀ sábà máa ń jẹ́ T5, 1.2 wáàtì. Ẹ mú èyí tí ẹ yọ lọ sọ́jà, ní Ládípò tàbí ibikíbi, kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Wáàtì kò gbọ́dọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ooru rẹ̀ yóò yọ́ ike, yóò sì sọ ojú aago di búráwùn.

6. Bí ọ̀kan bá ti jó, ẹ pààrọ̀ gbogbo àwọn tó ń tan ojú aago lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ inú ọkọ̀, àwọn yòókù kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e, wàhálà títú rẹ̀ sì ju owó gílóòbù lọ.

Bí okùn inú gílóòbù bá ṣì wà ní odindi, tí kò sì tàn, ẹ wo ẹsẹ̀ irin wẹ́wẹ́ lára ìdí rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà nù ún fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síta díẹ̀ kó lè di ojú bàbà mú. Lẹ́yìn àwọn àpótí aago kan, ike tẹ́ẹ́rẹ́ búlúù tó ní ìlà bàbà nínú ló ń gbé iná kiri. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i kí ẹ wá ibi tí ìlà ti já tàbí tó ti dúdú. Rọ́bà ìpawérẹ́ ló dára jù láti fi nu bàbà rẹ̀, sáńpépà yóò họ ọ́ tán.

Bí ẹ kò bá rí gílóòbù kankan tó ń yí jáde, LED tí wọ́n jó mọ́ pátákó ni. Iṣẹ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣọ̀n ṣe nìyẹn. Ẹ má yára ra odindi àpótí aago tọ̀kúnbọ̀: inú rẹ̀ ni iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn máa ń wà ní Toyota wọ̀nyí, iye ọkọ̀ ẹlòmíràn ni yóò sì máa hàn lójú ọkọ̀ yín.

Iná àjà ọkọ̀

Súwíìṣì ara rẹ̀ ní ipò mẹ́ta: ON, DOOR àti OFF. Ẹ gbé e sí ON. Bó bá tàn, gílóòbù, fíúsì àti wáyà tó ń gbé iná wá bá a dára, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí kò bá tàn, ẹ fi ike pẹlẹbẹ ṣí ìdérí funfun rẹ̀. Gílóòbù gígùn tó ní irin ṣóńṣó lórí méjèèjì ló máa ń wà níbẹ̀, láàárín irin méjì tó fún un mọ́lẹ̀. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lọ ra òmíràn, nítorí milimita 31, 36, 39 àti 41 wà lọ́jà, wọ́n sì jọra. Èyí tó kúrú yóò máa tàn, yóò máa kú bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Ẹ fi tẹ́sítà kan irin méjèèjì tó di gílóòbù mú. Bí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì tó tan tẹ́sítà, ẹ padà sídìí DOME.

Bó bá tàn ní ON tí kò tàn ní DOOR, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn kan ni kò tan iná, súwíìṣì tirẹ̀ ni. Ó wà lára òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́, ọ̀pá kékeré tó ní rọ́bà lórí. Ìlànà Toyota rọrùn: iná ti wà lára gílóòbù tẹ́lẹ̀, súwíìṣì ilẹ̀kùn ló ń fún un ní gíráùndù, ó sì ń gba gíráùndù náà láti ara bóòtù tó fi mọ́ irin. Nítorí náà ìpẹtà lábẹ́ bóòtù kan ṣoṣo tó láti pa á. Ẹ tú bóòtù náà pẹ̀lú sípánà 10 tàbí onísítáà, ẹ fa súwíìṣì jáde díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì lẹ wáyà rẹ̀ mọ́ òpó pẹ̀lú téèpù kí ẹ tó yọ ọ́. Bí wáyà bá yọ́ wọ inú òpó, ike gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ẹ máa tú kí ẹ tó rí i mú.

Ẹ fi ẹnu wáyà kan irin ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà. Bí iná bá tàn, súwíìṣì ló bàjẹ́. Ẹ fi sáńpépà nu ìdí rẹ̀ àti ibi tó ń jókòó sí kí ẹ tó pinnu láti ra òmíràn. Bí iná kò bá tàn, wáyà ti já láàárín. Ìdánwò yìí wà fún súwíìṣì ara òpó tó ní ọ̀pá kékeré nìkan. Ọkọ̀ tuntun tí súwíìṣì rẹ̀ wà nínú àgádágodo ilẹ̀kùn, tó sì ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má fi wáyà rẹ̀ kan irin. Irú èyí, gírísì inú àgádágodo ló máa ń gan, ẹ fún un ní òróró tó ń tú ìpẹtà, ẹ tì í lọ tì í bọ̀.

Iná tí kò kú

Iná tó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kú lẹ́yìn tí ẹ tilẹ̀kùn kò bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Èyí tó wà títí ilẹ̀ fi mọ́ ló ń jẹ bátìrì. Gílóòbù 10 wáàtì ń mu nǹkan bí 0.8 áḿpù. Ní wákàtí mẹ́wàá, ó ti mu áḿpù-wákàtí 8 lára 45 tí bátìrì kékeré ní. Bátìrì tuntun á fara dà á, èyí tó ti rẹ̀ kò ní ta ẹ́ńjìnnì láàárọ̀.

Iná búùtù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí, nítorí pé a kò lè wo inú rẹ̀ nígbà tó bá wà ní títì. Ẹ tan fídíò fóònù, ẹ gbé e sínú búùtù, ẹ tì í, ẹ ka ọgbọ̀n, ẹ ṣí i. Fídíò náà yóò fi hàn bóyá iná kú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àpótí kékeré iwájú èrò bó bá ní iná.

Iná tó ń ṣẹ́jú

Ẹ bi ara yín bóyá ìṣẹ́jú náà ń tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì tàbí kòtò. Bí gbogbo iná bá ń pọ̀ sí i tó tún ń dínkù bí ẹ bá ṣe ń tẹ tòròtù, ẹ wọn ṣájì alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣájì bátìrì), kí ẹ sì mi ẹnu bátìrì méjèèjì. Ẹnu bátìrì tí ẹ lè fi ọwọ́ yí kò di. Bó bá jẹ́ inú kòtò ni, páṣíà kọ́ńtáàtì ni: gílóòbù tó tú nínú ìdí rẹ̀, ẹnu wáyà tí kò wọlé tán, tàbí gíráùndù tó dípẹtà. Fún gíráùndù, ẹ tan iná náà, ẹ fi ẹnu mítà kan sí ẹsẹ̀ gíráùndù gílóòbù, èkejì sí négétíìfù bátìrì. Ó yẹ kó wà nísàlẹ̀ 0.2 fólítì. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá ibi tí wáyà náà ti so mọ́ irin, ẹ tú bóòtù rẹ̀, ẹ họ ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò, ẹ dì í padà. Ọkọ̀ tí omi ti wọ̀ lásìkò òjò, ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì iwájú rẹ̀ wò. Ẹnu wáyà tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku níbẹ̀, ẹ tọ ipa wáyà náà títí dé ibi tí eyín ti kàn án.

LED tí kò tàn lẹ́yìn tí ẹ fi sí i, ẹ yọ ọ́, ẹ yí i padà, kí ẹ tún fi sí i. Kò dà bíi gílóòbù olókùn, pọ́sítíìfù àti négétíìfù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà.

Iná ìkìlọ̀ tí kò tàn nígbà tó yẹ kó tàn

Ibí yìí ni kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ dúró sí. Tí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́ sí ON láì ta ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí iná ọ́ìlì, bátìrì, check engine, ABS àti airbag tàn. Ti airbag máa ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ti ọ́ìlì, bátìrì àti check engine máa ń dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi ta. Èyí tí kò bá tàn rárá, yálà gílóòbù rẹ̀ ti jó, tàbí ẹnìkan ti yọ ọ́ tàbí lẹ téèpù mọ́ ọn kí oníbàárà má bàa rí àléébù. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò ẹlẹ́sẹ̀ 16 lábẹ́ sítíárìn: ẹ fi ẹ̀rọ ìyẹwò sí i. Bó bá sọ pé kóòdù àléébù wà, tó sì sọ pé iná check engine wà ní títàn nígbà tí kò tàn lójú aago, gílóòbù náà ti jó tàbí wọ́n ti yọ ọ́.

Iná ọ́ìlì rọrùn láti dán wò. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, wáyà kan ṣoṣo ló wọ ara súwíìṣì ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ wáyà náà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ fi ẹnu wáyà kan irin ẹ́ńjìnnì. Bí iná bá tàn lójú aago, súwíìṣì ló bàjẹ́. Bí kò bá tàn, ẹ wo gílóòbù. Ẹ má wakọ̀ náà jìnnà kí ẹ tó tún un ṣe, nítorí pé bí ọ́ìlì bá gbẹ, kò sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún yín títí ẹ́ńjìnnì yóò fi há.

Bí iná bátìrì àti iná búréèkì bá jọ tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lára Toyota àtijọ́, ẹ má tíì tú búréèkì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé omi búréèkì kún tí búréèkì ọwọ́ sì ti wálẹ̀, ẹ wọn ṣájì. Bí mítà bá ń sọ 12 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lórí eré, alternator ni kí ẹ gbé lọ fún rìwáyà.